Moantau àti Oògùn Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì wá wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo abúlé, kò sí àgbàlagbà kan tó fẹnu kan oúnjẹ. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò kó má jẹ nǹkan kan láti alẹ́, omi lásán ni kó mu. Wọ́n wá jókòó sórí ẹní nínú maneaba, ilé ìpàdé abúlé, ebi ń pa wọ́n, ẹnu wọn sì mú ju abẹ lọ.

"Kourabi, bí o bá tún pẹ́ sí i, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ yẹn ni màá fi ṣe oúnjẹ àárọ̀," Moantau wí.

"Jẹ ẹ́," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Ọwọ́ ìyàwó rẹ nìjọba ti máa gba òmíràn."

Gbogbo maneaba rẹ́rìn-ín. Ọmọ abúlé náà ni Kourabi, òun àti Moantau jọ dàgbà ni, wọn kì í fi ọ̀wọ̀ kankan wọ ara wọn.

Moantau ni adẹ́mu tó mọṣẹ́ jù lápá ibẹ̀ ní erékùṣù Nonouti. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló máa ń gun àgbọn lọ, tí á máa kọrin lókè téńté, tí á máa fá òdòdó àgbọn kí oje rẹ̀ lè kán sínú ìgò. Karewe ni wọ́n ń pe oje náà. Bó bá kan, ó di ọtí, ṣùgbọ́n kó tó kan, ó dùn bí oyin, ọmọ ọwọ́ pàápàá ń mu ún. Wọ́n tún máa ń sè é títí á fi ki, tí á pọ́n, òun ni wọ́n ń dà sórí ìrẹsì àti sínú tíì.

Nei Akenete (Nei ni wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ obìnrin níbẹ̀), ẹ̀gbọ́n Moantau, jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí. Òun kò wá fún àyẹ̀wò ní tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àbúrò rẹ̀ ló sìn wá, torí ó mọ̀ pé bí òun ò bá jókòó tì í, á fò dìde lọ ni.

Moantau ní ìdí tó fi lè fò dìde. Àtọ̀gbẹ ló mú bàbá wọn. Adẹ́mu ni bàbá náà, kò sì sẹ́ni tó tètè mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Tarawa, erékùṣù tí olú ìlú wà, egbò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú, wọ́n gé e, ẹsẹ̀ kan ló sì fi padà wálé. Títí ó fi kú, ìdí àgbọn ló máa ń jókòó sí láàárọ̀, tí á máa wo òkè. Moantau kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwàdà ló fi ń bo ìbẹ̀rù rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa á ní kò bẹ̀rù nǹkan kan.

Nígbà tó kàn án, ó na ìka bí ẹni tó fẹ́ ṣe ènìyàn lóore. Kourabi ní kó kọ́kọ́ fọ ọwọ́ karewe rẹ̀ yẹn mọ́. Ó fọ̀ ọ́. Kourabi fi abẹ́rẹ́ gún ìka náà, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ, ó wò ó.

"Mẹ́fà ààbọ̀," ó ní. "Ó ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yẹn, Moantau. Tí mo bá ti ṣe tàwọn tó kù, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

Baraniko, ọ̀kan nínú àwọn àgbà abúlé, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀. "A ṣe bí inú ìgò nìkan ni karewe ń kán sí," ó ní. "Inú iṣan adẹ́mu ló ń kán sí láti ọjọ́ yìí."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Moantau náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Nei Akenete rí i tó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Kò pẹ́ ló dìde.

"Jókòó, nọ́ọ̀sì fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Mo ti gbọ́ èyí tó fẹ́ sọ. Ìgò mi ti máa kún."

Kourabi pè é láti inú maneaba. Kò wẹ̀yìn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Moantau wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó sí etí pẹpẹ ilé, pákó gíga tí wọ́n ń jókòó sí, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Nei Akenete bu tíì fún un, kò mu ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "mo wá bubuti."

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lásán. Bí ìbátan bá fi bubuti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, ì báà ṣe kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ì báà ṣe ẹní tó fi ń sùn, kì í sọ pé rárá. Òní ni tìrẹ, ọ̀la ni tèmi. Ẹni tó bá ní rárá, ojú á tì í ju ẹni tó tọrọ lọ, wọ́n á sì máa fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ títí ọmọ rẹ̀ á fi lọ́kọ.

"Kí lo fẹ́?" ó bi í.

"Oògùn yín. Ẹ fún mi ní ìlàjì."

"Kourabi ló ní kí o máa lò ó?"

"Kourabi ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ga. Kí ni mo tún ń dúró gbọ́, ṣé kó sọ ọjọ́ tí wọ́n máa gé ẹsẹ̀ fún mi ni?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀, Moantau."

"Bàbá ní i. Ẹ̀yin ní i. Ó wá kàn mí báyìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè fọ́ ọ lórí kó tó gbérí."

Nei Akenete mọ̀ pé kò dáa. Kourabi ti sọ ọ́ fún un láìmọye ìgbà pé oògùn ẹnìkan kì í ṣe oògùn ẹnìkejì. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ọkọ̀ tó ń kó oògùn wá sí erékùṣù kì í dé lásìkò, pé bí òun bá pín in, kò ní tó òun lò. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ojú ń tì í láti sọ pé rárá fún ọmọ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe àánú, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ìtìjú ni, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀.

Ó da ìlàjì oògùn náà sínú ike kékeré kan.

"Ọ̀kan ṣoṣo láàárọ̀," ó ní, "kí o sì jẹun dáadáa pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́," Moantau wí. Bí ó ṣe máa ń gbọ́ ìwàásù ló gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, kí tirẹ̀ má baà tán, Nei Akenete ń lo oògùn lónìí, á fo ọ̀la. Ó ti fi ẹsẹ̀ gún òkúta etíkun nígbà tó ń wá ìṣáwùrú, ojú egbò kékeré kan sì wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ ó ti fẹ́ jiná. Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde níbẹ̀. Ó fi aṣọ dì í, kò sọ fún ẹnìkan.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Nei Terube, ìyàwó Moantau, wá yá ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha àgbọn. Ó bá Nei Akenete nídìí ìdáná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tàkúrọ̀sọ.

"Ọkọ mi ti di ẹni mímọ́," Nei Terube wí. "Kò fẹnu kan karewe mọ́, kò jẹ ìrẹsì. Láti ọ̀sán àná kò jẹ nǹkan kan. Ó ní òun ń lé ṣúgà jáde lára."

Ọwọ́ Nei Akenete dúró. "Ṣé kì í lo oògùn mọ́ ni?"

"Ó ń lò ó o. Méjì ló lò láàárọ̀ yìí. Ó ní ọ̀kan ń fà sẹ́yìn."

"Láìjẹun?"

"Mo ṣe bí ẹ̀yin lẹ ní kó má jẹun."

Nei Akenete dìde nídìí ìdáná. Ó ń tiro lọ sí ọ̀nà ibi tí àwọn àgbọn Moantau wà. Nei Terube sáré tẹ̀ lé e, ó ń bi í pé kí ló dé, kí ló dé.

Wọ́n ń gbọ́ orin Moantau láti òkèèrè. Orin tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ló ń kọ, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n dé òpin. Ó kọ ọ́ dé àárín, ó dákẹ́. Wọ́n retí kó máa bá a lọ. Kò bá a lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi náà, Moantau wà lókè pátápátá, láàárín imọ̀, ó di imọ̀ kan mú. Òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ òkun tutù láàárọ̀ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Moantau," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é, "kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan," ó wí. Ohùn rẹ̀ ń fà bíi ti ẹni tó mutí yó. "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nísàlẹ̀ yẹn? Ẹ pọ̀ jù."

Nei Akenete mọ ohun tó ń rí. Ohun tó ń ṣe é yìí ti ṣe òun náà rí, lọ́jọ́ tó lo oògùn tó sì lọ sétí òkun láìjẹun. Kourabi ló ṣàlàyé fún un nígbà náà pé bí ṣúgà bá ga jù, ó burú, ṣùgbọ́n bó bá já wálẹ̀ lójijì, ó lè pani kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú á máa ṣú, ara á máa gbọ̀n, ọgbọ́n á kúrò lórí. Ohun dídùn ni kí wọ́n fún ẹni bẹ́ẹ̀ mu lójú ẹsẹ̀.

"Má tíì sọ̀kalẹ̀," ó ní. "Fi ẹsẹ̀ méjèèjì há igi. Ìgò ọwọ́ rẹ yẹn, mu karewe inú rẹ̀."

Moantau wo ìgò náà. "Ṣúgà ni," ó wí.

"Mo mọ̀ pé ṣúgà ni. Mu ún."

"Mi ò mu ún. Ẹ fẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi."

"Bàbá àwọn ọmọ mi, mu ún, mo bẹ̀ ọ́," Nei Terube wí, ó ti ń sunkún.

Ó mi orí. Mímì orí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un já bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ̀ kúrò lára igi, ó ń nà án kiri nínú afẹ́fẹ́ kó tó rí ibi tó máa gbé e lé. Àwọn ọkùnrin aládùúgbò ti ń sáré bọ̀, ṣùgbọ́n igi náà ga, ó sì dájú pé wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tú. Nei Akenete rí gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa rí: òkú àbúrò rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, oògùn òun nínú rẹ̀.

Ó gbé orí sókè, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ní maneaba.

"Moantau, mo wá bubuti lọ́dọ̀ rẹ."

Lókè, Moantau bojú wolẹ̀. Ọgbọ́n tó kù lórí rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí ti wọ̀ ọ́ lára láti kékeré.

"Kí lẹ fẹ́?" ó bi í.

"Karewe inú ìgò yẹn. Mo fẹ́ kí o gbé e mu, kí n máa wò ọ́. Òun ni mo tọrọ."

Lẹ́yìn náà ó fi eyín fa ohun tí wọ́n fi dí ìgò, ó gbé e sẹ́nu. Díẹ̀ dà sí i láyà, ó mu èyí tó kù. Ọkùnrin aládùúgbò kan ti gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú okùn, ó so ó mọ́ igi, ó fi èjìká gbé e ró. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Moantau bi ọkùnrin náà pé kí ló wá ṣe lórí igi òun. Nígbà náà ni Nei Akenete jókòó sílẹ̀, tó sì bú sẹ́kún.

Wọ́n gbé Moantau lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lábúlé. Kourabi tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó fún un ní ẹja àti gbẹ̀rẹ̀fúùtù jẹ, ó ní kò gbọ́dọ̀ lọ sílé títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí oògùn náà lè tún fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí ojú Moantau ti là dáadáa ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n.

"Ta ló fún un ní oògùn?"

"Èmi ni," Nei Akenete wí. "Ó bubuti."

Kourabi mí kanlẹ̀. Ọmọ erékùṣù lòun náà, kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá bubuti ọkọ̀ ojú omi yín, ẹ fún un. Oògùn kò sí lára nǹkan bubuti. Wọ́n wo ọjọ́ orí yín, wọ́n wo kíndìnrín yín, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín kí wọ́n tó wọn oògùn yẹn fún yín. Bó ṣe ń ṣe yín láǹfààní lara ẹlòmíì ṣe lè gbà á sódì." Ó yíjú sí Moantau. "Ìwọ, ṣé o mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o sá lọ?"

"Pé mo ní àtọ̀gbẹ."

"Pé o kò ní in."

Moantau wò ó.

"O kò tíì ní in," Kourabi tún un sọ. "Ẹni tí kò jẹun mọ́jú, bí ṣúgà rẹ̀ bá wà ní mẹ́fà sísàlẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá tó méje, tí a tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ mìíràn tó ṣì tó méje, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Tìrẹ wà láàárín méjèèjì. Ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ lo dúró sí. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè wọlé, ó sì lè yí ẹ̀yìn padà. Ọ̀pọ̀ ló ń yí padà."

"Ṣùgbọ́n kò dùn mí níbì kankan."

"Kò ní dùn ọ́. Bàbá yín náà kò mọ̀ ọ́n lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tí ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ ni gbogbo wa tó gbọ́. Ìdí tá a fi ń gún ìka nìyẹn. Kí lo ń fi sínú tíì rẹ láàárọ̀?"

"Karewe sísè."

"Ṣíbí mélòó?"

Nei Terube ló dáhùn. "Kì í lo ṣíbí. Ó ń dà á ni."

"Ìyẹn kì í ṣe ṣúgà ṣọ́ọ̀bù," Moantau wí. "Igi wa ló ti wá. Ọlọ́run ló fún wa."

"Ọlọ́run ló fún wa ní òkun náà, a kì í gbé gbogbo rẹ̀ mu," Kourabi wí. "Ẹ̀jẹ̀ kò mọ igi, kò mọ ṣọ́ọ̀bù. Ohun dídùn lohun dídùn ń jẹ́."

Ó wá là á yé e. Kò ní kó má jẹun mọ́, kò sì ní kó bẹ̀rù àgbọn. Kó fi omi rọ́pò tíì dídùn. Kí ìrẹsì rẹ̀ kéré, kí ẹja pọ̀ sí i, kó máa jẹ kókò àti gbẹ̀rẹ̀fúùtù níwọ̀n, kí ewé ọbẹ̀ wà níbẹ̀. Kó jẹ́ kí ikùn tó ti yọ síwájú yẹn fà sẹ́yìn.

"Adẹ́mu ni mí, mo ń gun igi," Moantau wí. "Ta ló tún ń ṣe eré ìdárayá jù mí lọ?"

"O ń gun igi ní kùtùkùtù, lẹ́yìn náà o sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo wa là ń gbọ́ tí o ń hanrun. Àárín yẹn ni kí o máa rìn. Tó bá di oṣù mẹ́ta, padà wá kí n tún wò ọ́. Bó bá yẹ kí ẹni tó wà níwọ̀n tìrẹ lo oògùn, dókítà ló máa sọ, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ, kì í sì í ṣe ìwọ."

Kourabi dìde. Bó ṣe fẹ́ kọjá, ó rí aṣọ tí Nei Akenete fi di ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà ní kò le, kò le. Egbò náà ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, etí rẹ̀ ti dúdú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Mo ń fò ó," ó wí. "Kò tó mọ́."

Moantau ń wo ẹsẹ̀ náà láti orí ibùsùn. Ó wò ó pẹ́. Ìrora tó wà lójú rẹ̀ kò ṣeé fi àwàdà bò.

"Mo ń sá kí wọ́n má gé tèmi," ó ní, "tiyín ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀."

Ó ní kí Nei Terube lọ mú ike oògùn náà wá. Kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dá a padà.

Ẹsẹ̀ Nei Akenete pẹ́ kó tó jiná. Ojoojúmọ́ ni Kourabi ń wẹ̀ ẹ́, ìgbà kan wà tó tilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú tó máa gbé e lọ sí Tarawa. Ṣùgbọ́n egbò náà padà panu dé. Ní ti Moantau, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ létí òkun ní ọ̀sán gangan, àwọn ènìyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sọ nǹkan nù. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n gún ìka rẹ̀. Ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ mẹ́fà.

Ẹnu kò ṣeé dí. Abúlé gbọ́ pé nọ́ńbà Moantau ti wálẹ̀, wọ́n rántí pé ó lo oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ti ìrẹsì kékeré àti rírìn. Oògùn dùn ún gbọ́ ju iṣẹ́ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Nei Akenete, Moantau àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, wọ́n ń hun ẹní. Baraniko àgbà wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní tó dára fún un, ó jókòó, ó kí wọn, ó mu omi. Lẹ́yìn náà ó ní nọ́ńbà tòun náà wà láàárín bíi ti Moantau.

"Akenete, ọmọ mi," ó ní, "mo wá bubuti oògùn yẹn."

Nei Terube gbé ojú kúrò lórí ẹní. Àgbà tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ní maneaba ló jókòó níwájú wọn yẹn. Ojú ti ń ti Nei Akenete kó tó lanu.

"Rárá, bàbá," ó wí.

Baraniko fi etí kan sún mọ́ ọn, bí ẹni tí kò gbọ́. "Kí lo wí?"

"Mo ní rárá. Mo fún àbúrò mi, díẹ̀ ló kù kí n sin ín. Mi ò ní fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Kò sẹ́ni tó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àgbà náà rí. Ó wo Moantau, ó ń retí kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Bàbá, kì í ṣe oògùn ló wò mí sàn," Moantau wí. "Oògùn ló fẹ́ jù mí sílẹ̀ látorí igi. Ẹ dìde, kí n sìn yín lọ bá Kourabi."

"Wọ́n ti fi bubuti dù mí lójú ayé mi," Baraniko wí.

"Wọ́n ti fi dù yín, bàbá. Ẹ fi ọwọ́ lé èjìká mi."

Ó kùn bó ṣe ń dìde, ó kùn bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ látorí pẹpẹ ilé, ó sì ṣì ń kùn nígbà tí Nei Akenete ń wo ẹ̀yìn àwọn méjèèjì lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, Baraniko kò kí Nei Akenete. Ṣùgbọ́n ó ń lọ wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ti ga fún ọdún pípẹ́ kó máà ro ọ́ níbì kankan. Bí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ bá ní àtọ̀gbẹ, bí ikùn rẹ bá ti yọ, bí ṣúgà rẹ bá ti ga rí nínú oyún, má dúró de àìsàn. Lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ní kí o má jẹun mọ́jú, má jẹun, kí o sì fọ ọwọ́ rẹ mọ́ kí wọ́n tó gún un.

Bí nọ́ńbà bá jáde, jókòó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí tirẹ̀ wà láàárín kò tíì ní àtọ̀gbẹ. Oúnjẹ tó níwọ̀n, dídín ohun dídùn kù, rírìn déédéé, àti pípadà lọ yẹ ara wò lásìkò tí wọ́n dá fún un, ìwọ̀nyí lè dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kó máa jẹun lásìkò. Bí òógùn bá bò ó lójijì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, fún un ní ohun dídùn mu bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí o sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá ti dákú, má da nǹkan sí i lẹ́nu, gbé e lọ ni.

Bí ará ilé rẹ bá wá tọrọ oògùn rẹ, má fún un, bó ti wù kó sún mọ́ ọ tó. Sìn ín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó lè bá ọ bínú fún ìgbà díẹ̀. Jẹ́ kó bínú. Alààyè ló ń bínú.